Plọ́ọ̀gì Mẹ́fà Kọ́ Ló Ń Gba Ìdíje

Bí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Kàbà, ní Ìyàrà, ní Mọ̀pà tàbí ní Ìsánlú, tó ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ tí òun yóò fi díje, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ni pé, "Plọ́ọ̀gì mélòó ni?" Mẹ́rin kéré, mẹ́fà dára, V8 ni baba gbogbo wọn. Èrò yìí kò mọ sí ilẹ̀ Òkun, níbi tí àwọn ìlú wọ̀nyí wà, nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ ọ́ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, bẹ́ẹ̀ náà ló wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston. Ó ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò mọ́: pé ẹ́ńjìnnì ló ń gba ìdíje, pé ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá lágbára jù ni yóò kọ́kọ́ dé, pé iṣẹ́ ẹni tó ń tún ọkọ̀ ìdíje ṣe kò ju kó máa wá agbára kún agbára lọ. Èmi kò gbà. Èrò náà kò dúró dáadáa níbi tí kò sí òfin rárá. Níbi tí òfin ìdíje bá wá ti fi gbèdéke sí agbára, ó wó lulẹ̀ pátápátá. Níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni ibi tí èrè ti kéré jù nínú gbogbo ara ọkọ̀, òun náà sì ni àwọn ènìyàn wa ń kó owó wọn lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí gbèdéke yìí ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ìdíje òde òní ló jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló ń kọ́ ọkọ̀ náà tán, tí oníbàárà kàn ń sanwó gbé e, òfin kò sì fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún olówó láti ṣe bó ṣe wù ú. Nínú ìdíje GT3, ẹ́ńjìnnì Porsche 911 GT3 R tuntun lè mú agbára ẹṣin tó 565 jáde, Mercedes-AMG sì gbé V8 onílítà 6.2 wá, síbẹ̀ àwọn alákòóso a máa dín atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ọ̀kan ń mí kù, wọn a di ẹrù lé òmíràn, títí gbogbo wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìdíje TCR, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, ń ṣe bákan náà fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké onílítà méjì. Nínú Mazda MX-5 Cup ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, Flis Performance, ló ń kọ́ gbogbo ọkọ̀, wọ́n sì ń fi èdìdì di ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Èyí tó wù mí jù nínú wọn ni ti National Auto Sport Association, ẹgbẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NASA (kì í ṣe àwọn tó lọ sí òṣùpá). Wọn kì í bèèrè irú ọkọ̀ tí ẹ gbé wá. Wọ́n á gbé e lé ìwọ̀n pẹ̀lú awakọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á wọn agbára rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí táyà ń yí lé, wọ́n á sì fi èkejì pín èkíní. Ní ìpele tí wọ́n ń pè ní ST4, pọ́ọ̀n méjìlá gbọ́dọ̀ wà fún agbára ẹṣin kọ̀ọ̀kan, láìka àwọn àfikún àti àyọkúrò tí òfin là sílẹ̀ fún irú táyà àti àwọn nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá fi owó ilé ra agbára kún un yóò tún fi owó mìíràn ra irin tí yóò di mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kí ìṣirò lè bára mu.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Ọkọ̀ tó ní agbára ẹṣin 250 gbọ́dọ̀ wọn 3,000 pọ́ọ̀n, ìyẹn nǹkan bí kílò 1,360. Èyí tó ní 225 kò nílò ju 2,700 pọ́ọ̀n lọ, bí kílò 1,225. Lójú òfin, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Lójú ọ̀nà, wọn kò jọra rárá. Bí àwọn méjèèjì bá ń bọ̀ ní eré kan náà tí wọ́n sì fẹ́ wọ kọ́nà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ohun tí búréèkì ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ yóò gbé fi dín sí ti èkejì, ní gbogbo kọ́nà, ní gbogbo ìpòyì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje dé òpin. Táyà kì í sì í di ilẹ̀ mú ní ìwọ̀n ẹrù tí a gbé lé e: bí ẹrù ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdimú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í tó bí ẹrù náà ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, lórí táyà kan náà, ọkọ̀ tó fúyẹ́ ń gba kọ́nà ní eré tó ju ti èyí tó wúwo lọ. Nígbà tí ìdíje bá ku díẹ̀ kó parí, táyà ọkọ̀ tó wúwo ti gbóná, búréèkì rẹ̀ ti ń rọ̀ lẹ́sẹ̀ awakọ̀, èkejì ṣì ń lọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó mọ̀ nípa ọkọ̀ yóò dá mi dúró níbí, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Yóò ní atẹ́gùn tí ń ti ọkọ̀ padà kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ wúwo. Pé ní gbọọrọ ọ̀nà, agbára 250 yóò fi 225 sílẹ̀, ìwọ̀n ọkọ̀ ì báà dọ́gba pẹ̀lú òfin. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe fi í sílẹ̀ tó? Ìdènà atẹ́gùn le débi pé kí eré ọkọ̀ tó lè di ìlọ́po méjì, agbára gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí a bá fi ìṣirò yìí wo àwọn ọkọ̀ wa méjèèjì, níbi tí èyí tó kéré lágbára ti ń sá 200 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tó lágbára yóò sá nǹkan bí 207. Kìlómítà méje ni èrè gbogbo owó yẹn, ní òpin gbọọrọ ọ̀nà níbi tí ọkọ̀ ti sáré dé góńgó nìkan. Bí pápá ìdíje kan bá jẹ́ gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èmi náà yóò ra agbára. Pápá tí kò ní kọ́nà kò sì wọ́pọ̀.

Ọ̀rọ̀ agbára fúnra rẹ̀ kò tún rí bí a ṣe ń sọ ọ́. Iye tí wọ́n kọ sí ìwé ọkọ̀ ni góńgó: ibi gíga jù lọ tí ẹ́ńjìnnì lè dé, ní eré ìyípo kan pàtó. Ẹ fojú inú wo ẹ́ńjìnnì méjì tí góńgó wọn jẹ́ 250. Èkíní kéré, wọ́n ti fún un títí kó tó mú un jáde. Ìgbà tó bá ń yí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan nìkan ló ń dé ibẹ̀, tó bá sì já sí 5,000, ó ti di 180. Èkejì lè mú 330 jáde tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ 250. Láti 4,800 títí dé 6,800, 250 ló ń fúnni, kò gòkè, kò sọ̀. Nígbàkúùgbà tí awakọ̀ bá ti kọ́nà jáde tó tẹ́ ẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀, èkejì ni yóò fà á lọ. Òun náà ni yóò pẹ́, nítorí kò fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ rí. Àwọn NASA ti rí ọgbọ́n yìí, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi wo góńgó nìkan mọ́, àárín-gbùngbùn agbára ni wọ́n ń ṣírò. Àwọn tó ń wá agbára yóò wá sọ pé mo ti gbà nìyẹn pé kí a ra ẹ́ńjìnnì ńlá. Rárá o. Ohun tí mo gbà ni pé kí a ra ẹ́ńjìnnì tí ara rọ̀, kí a sì dín in kù. Ẹni tí ń dín agbára kù kì í ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí ń wá a kún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan náà ni wọ́n jọ ń tẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ńlá náà bá sì fi ọgọ́rùn-ún kílò kún iwájú ọkọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ní ibi tó wà.

Ẹ̀rí tó tóbi jù lọ wà lórí ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì jẹ́ ti ọkọ̀ tí ilẹ̀ Òkun mọ̀ dunjú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504, ọkọ̀ tí a fi ń ná ọ̀nà Lọ́kọ́ja, Ìlọrin àti Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kan náà, nígbà Àjíǹde, Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, gbé 504 kan wọ ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Agbára ẹṣin 504 tó ní injection, bó ṣe ń jáde ní ilé-iṣẹ́, díẹ̀ ló fi lé ní 100. Lancia Stratos ló wá pàdé: ọkọ̀ tí wọ́n dìídì kọ́ fún ìdíje, tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì V6 ti Ferrari sí lẹ́yìn awakọ̀, tí èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà pàápàá ní 190, ká má tíì sọ ti ìdíje. Sandro Munari àti Björn Waldegård ló wa Stratos méjì náà. Andersson fi 504 rẹ̀ ṣe ipò kìíní. Munari ṣe kejì, Waldegård ṣe kẹta. Ní ọdún tó ṣáájú, Joginder Singh, ọmọ Kenya, ti fi Mitsubishi Lancer onílítà 1.6 borí Waldegård yìí kan náà nínú Porsche 911. Ní 1976 ó tún padà wá, Lancer sì gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Stratos kò gba Safari rí títí tó fi kógbá wọlé. Porsche náà kò gbà á ní gbogbo ìgbà tó fi wà nínú ìdíje àgbáyé.

Kí ló gbé 504 débẹ̀? Ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ náà ga nílẹ̀. Nínú ti onílé, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kò so mọ́ ìkejì, sípíríǹgì rẹ̀ gùn ó sì rọ̀, ìyẹn ni kò fi jẹ́ kí táyà kúrò nílẹ̀ bí kòtò bá dé. Nínú ti èrò, oní-booth gígùn tí ọ̀nà Kàbà mọ̀ jù, wọ́n lo irin ẹ̀yìn kan tó nípọn, wọ́n sì to sípíríǹgì méjì-méjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó lè gbé ẹrù. Àwọn tó kọ́ ọ ti ronú nípa ọ̀nà burúkú kó tó kúrò ní ilẹ̀ Faransé. Àṣeyọrí rẹ̀ kì í sì í ṣe orí-ire ọjọ́ kan: Peugeot 404, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 1.6, gba Safari ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Nínú ti 1963 àti ti 1968, ọkọ̀ méje péré ló parí ìdíje náà nínú gbogbo àwọn tó bẹ̀rẹ̀, Nick Nowicki ló sì borí ní ọdún méjèèjì, nínú 404.

Àwọn tó ń wá agbára yóò ní ẹrẹ̀ àti kòtò ni mo ń sọ, pé pápá ọ̀dà yàtọ̀. Wọn yóò tún rán mi létí pé ní 1978, 504 tí Jean-Pierre Nicolas fi gba Safari jẹ́ Coupé oní-V6. Ẹ jẹ́ kí n dá ti kejì lóhùn ná. Lítà 2.7 ni V6 yẹn, Porsche 911 tí Vic Preston kékeré fi ṣe ipò kejì jẹ́ lítà mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù ṣì ni ó pàdánù. Ní ti pápá ọ̀dà, ìyàtọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò gbe àwọn tó ń wá agbára. Nínú ẹrẹ̀ Safari, kò sí gbèdéke agbára tó le tó ti òde òní, ẹni tó lágbára jù ṣì pàdánù. Lórí ọ̀dà níbi tí òfin ti gba àǹfààní agbára kúrò lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kí ni yóò wá kù fún wọn? Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí ìdíje ná: ní 1972, nínú ìdíje Bandama ní Côte d'Ivoire, wọ́n mú eré tí wọ́n ní kí ọkọ̀ máa sá le débi pé kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí rẹ̀. A kì í fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dákẹ́ sójú ọ̀nà ní ife-ẹ̀yẹ nítorí agbára tó ní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ohun tí a ń fi ọwọ́ ara wa ṣe sí ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ti kọ́ tán. Ẹ gbé ọkọ̀ tó ń gbóná lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kó tó wo rédíétọ̀, ó ti yọ tẹmosítáàtì jù nù. Ọ̀rọ̀ náà ti di àṣà débi pé àwọn onímọ́tò ń fi yangàn pé tiwọn kò sí nínú ọkọ̀ mọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nǹkan kékeré yẹn ló ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná dé ibi tó yẹ, òun ló sì ń dá a dúró síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ ní títutù, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé òwúrọ̀ ni, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ, epo yẹn á fọ òróró kúrò lára sìlíńdà, pisitíìnì á sì máa jẹ irin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè rẹlẹ̀ bí èyí tí wọ́n rí nínú fíìmù, ṣọ́kì kò ní í ní àyè tí yóò ti mí mọ́, táyà á sì máa fò nílẹ̀ ní kọ́nà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, wọ́n á wá ṣí ìgbà tí iná plọ́ọ̀gì ń tàn síwájú kí agbára lè pọ̀ sí i. Ooru ilẹ̀ wa kò sì gba irú ìyẹn. Atẹ́gùn ọ̀sán tó gbóná dé ìwọ̀n 35 fúyẹ́ ju ti ìwọ̀n 15 lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, agbára ẹ́ńjìnnì sì ń bá a lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni epo tí kò dára ń bú gbàù ṣáájú àsìkò nínú sìlíńdà. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní nọ́ọ̀kì. Ẹ́ńjìnnì tó bá nọ́ọ̀kì nínú ìdíje kì í padà sílé fúnra rẹ̀.

Àtúnṣe tó ń mú ìṣẹ́jú-àáyá kúrò lára ìpòyì jẹ́ iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ tí kì í pariwo bíi sáléńsà. Ẹ gbé ìwọ̀n kékeré mẹ́rin kalẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ọ̀kan lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Kí awakọ̀ jókòó sí àyè rẹ̀, kí epo wà nínú táńkì bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ ìdíje. Ẹ ro ìwọ̀n iwájú òsì pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ tún ro iwájú ọ̀tún pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn òsì. Bí ọkọ̀ kílò 1,225 náà bá wọn 640 ní ọ̀nà kan tó sì wọn 585 ní ọ̀nà kejì, yóò máa gba kọ́nà òsì dáadáa, yóò sì máa kọ̀ ní ọ̀tún, awakọ̀ á máa bú táyà láìmọ̀dí. Yíyí ìjókòó sípíríǹgì díẹ̀ sókè ní igun kan, díẹ̀ sísàlẹ̀ ní òmíràn, títí àwọn iye méjèèjì yóò fi súnmọ́ ara wọn, kò náni ju sípánà àti sùúrù lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igun táyà, afẹ́fẹ́ inú táyà, epo búréèkì tó lè fara da ooru, àti gíá tí a yàn kí ẹ́ńjìnnì lè máa wà ní ibi tó ti ń fà jù. Kò sí òfin agbára kan tó lè gba ìkankan nínú ìwọ̀nyí lọ́wọ́ ẹni.

Àtakò kan kù tí àwọn ènìyàn kì í sọ jáde, ṣùgbọ́n tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀: pé gbèdéke ṣeé rékọjá bí ọwọ́ ẹni bá yá. Ní 1995, nínú ìdíje ráálì àgbáyé, òfin ní kí gbogbo atẹ́gùn tó ń wọ tọ́bò gba inú òrùka kan tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 34 lọ. Nígbà ìdíje Catalunya, wọ́n ká Toyota Celica mọ́ ohun àrà kan: bí wọ́n bá ti dè é mọ́ ọkọ̀, òrùka náà ń sún sẹ́yìn díẹ̀, atẹ́gùn á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, bí àwọn ayẹ̀wò bá tú u, á pa dé padà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Wọ́n yọ Toyota kúrò nínú ìdíje ọdún náà, wọ́n sì lé e jáde ní gbogbo 1996. Ta ni olórí ẹgbẹ́ yẹn? Ove Andersson, ẹni tó fi 504 borí Stratos ní ogún ọdún ṣáájú. Kí ni agbára tí wọ́n jí sì fún wọn? Nínú ìdíje mẹ́jọ ti ọdún náà, ẹyọ kan péré, Corsica, ni Toyota gbà. Subaru gba márùn-ún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilẹ̀ Òkun tí ẹ ń tòwó jọ láti wọ ìdíje, ní ilé tàbí ní òkè òkun, ẹ ra ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ tó fúyẹ́ tí páàtì rẹ̀ kò ṣòro rí, kódà bó jẹ́ Civic tàbí Corolla oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ọ̀nà oníkọnkéré tó ti Obájànà wọ Kàbà dára fún ọkọ̀ yín láti gbà lọ sọ́jà, kì í ṣe pápá ìdíje, ẹ má fi dán an wò. Ẹ jẹ́ kí tẹmosítáàtì wà ní àyè rẹ̀. Ẹ ka òfin ìpele yín kí ẹ tó na kọ́bọ̀ kan, ẹ tún búréèkì àti ṣọ́kì ṣe, kí ẹ sì fi gbogbo owó tó bá kù ra táyà.